Fèrèsé Ilé Ìdáná Kò Dúró Ṣánṣán: Àkọsílẹ̀ Keje Lórí Ilé Bàámi

Nínú àkọsílẹ̀ kẹfà, mo ṣèlérí pé kí n tó tún kọ̀wé, n ó ti fi ìwọ̀n fèrèsé márààrún lé ọ̀gá alúmíníọ̀mù lọ́wọ́, ẹni tí yóò bá mi ṣe fèrèsé alúmíníọ̀mù rọ́pò àwọn lúfà àtijọ́ ilé Bàámi, n ó sì ti san owó àsansílẹ̀. N kò tíì san kọ́bọ̀. Mẹ́rin ti parí lórí ìwé, ṣùgbọ́n ìkarùn-ún, èyí tí ó wà ní ilé ìdáná, ni ó gba gbogbo Sátidé mọ́ mi lọ́wọ́, nígbà tí ilẹ̀ sì fi máa ṣú, ohun tí mo ti pinnu ní òwúrọ̀ kọ́ ni mo ń ṣe mọ́.

Kí n tètè sọ ti mẹ́rin yẹn. Mo wọn ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan lókè, láàárín àti nísàlẹ̀, mo wọn gíga lósì, láàárín àti lọ́tùn-ún, mo mú èyí tí ó kéré jù, mo sì yọ mìlímítà 10 kúrò, 5 fún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí àyè lè wà fún férémù láti wọlé àti fún sílíkọ́ònù tí a fi ń dí àlàfo etí rẹ̀. Ìwọ̀n igun sí igun wọn, tí méjèèjì máa ń dọ́gba bí ojú fèrèsé bá gún régé, kò fi ju 4 lọ yàtọ̀ síra. Ó tán.

Ti ilé ìdáná nìyí, ní mìlímítà. Ìbú: 1,204 lókè, 1,202 láàárín, 1,203 nísàlẹ̀. Gíga: 1,198 lósì, 1,196 láàárín, 1,199 lọ́tùn-ún. Ẹni tí ó bá wo irú nọ́ńbà báyìí yóò rò pé òun ni ó gún jù nínú ojú fèrèsé márààrún. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀, mo ti kọ 1,192 sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìbú férémù, mo tilẹ̀ ti fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀, kí n tó rántí pé n kò tíì wọn igun sí igun. Láti igun ìsàlẹ̀ lósì dé igun òkè lọ́tùn-ún jẹ́ 1,711. Láti igun ìsàlẹ̀ lọ́tùn-ún dé igun òkè lósì jẹ́ 1,685. Mìlímítà 26 ni ọ̀kan fi ju èkejì lọ.

Téèpù ni mo kọ́kọ́ fura sí, nítorí pé ti Bàámi ni, ó sì ti pẹ́ tí ìkọ́ irin ẹnu rẹ̀ ti tẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo téèpù mọ̀ pé irin ẹnu rẹ̀ máa ń mì díẹ̀. Kì í ṣe pé ó bàjẹ́. Bí ó ṣe nípọn tó ni ó ṣe ń mì tó, kí ó lè ṣí síta bí a bá fi kọ́ etí pákó, kí ó sì wọlé bí a bá tì í mọ́ ògiri. Mo ti rí ẹni tí ó fi òòlù lù ú mọ́lẹ̀ kí ó má baà mì mọ́, tí gbogbo ìwọ̀n inú rẹ̀ sì ń yẹ̀ láti ọjọ́ náà. Nítorí èyí, mo fi irin náà sílẹ̀, mo di ojú 100 mú ṣinṣin sí igun, mo sì yọ 100 kúrò nínú ohun tí mo kà. (Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ ti yọ ọ́. Nígbà kan rí, mo gbàgbé, mo sì gé pákó tí ó fi 100 gùn jù.) Nọ́ńbà kan náà ni ó tún jáde. Téèpù kò jẹ̀bi.

Ìgbà tí mo so okùn olójé, okùn tí ojé ń fà sísàlẹ̀ kí ó lè dúró ṣánṣán, ni ọ̀rọ̀ tó yé mi. Mo kan ìṣó kékeré sí abẹ́ àtẹ́rígbà ní igun òsì, mo so okùn mọ́ ọn, mo sì dúró títí ojé fi dẹ́kun mímì. Okùn tí ó fara kan ògiri lókè fi mìlímítà 18 jìnnà sí i nísàlẹ̀. Ní ọ̀tún, òdìkejì ni: mo ní láti gbé okùn kúrò lára ògiri ní 18 lókè kí ó tó lè bọ́ sílẹ̀ láìgbún igun ìsàlẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì jọ ń tẹ̀ sí ọ̀tún bí wọ́n ti ń gòkè, bí ọ̀mùtí méjì tí wọ́n fèjìká kan èjìká. Nítorí pé ìwọ̀n kan náà ni wọ́n fi tẹ̀, ìbú kò yí padà lókè tàbí nísàlẹ̀, ìbá ṣe pé ìgbà ọgbọ̀n ni mo wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n férémù kì í tẹ̀ tẹ̀ lé ògiri. Láti okùn dé okùn, 1,185 péré ni àyè tí ohun tí ó dúró ṣánṣán lè gbà wọlé, èmi sì ti kọ 1,192. Mìlímítà 7 kò tó ìbú ọmọ-ìka, ṣùgbọ́n a kì í fi ràndà fá alúmíníọ̀mù tí wọ́n ti dè pọ̀ bí ẹni fá férémù onígi.

Mo wá pinnu pé 1,175 ni n ó fún ọ̀gá alúmíníọ̀mù. Lójú mi, wàhálà ti tán. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo yà á sórí ìwé, mo rí i pé àlàfo yóò jẹ́ 5 ní igun òkè lósì, yóò sì di 23 ní ìsàlẹ̀ rẹ̀; lọ́tùn-ún, òkè ni 23 yóò wà. Sílíkọ́ònù kò lè dí irú ihò bẹ́ẹ̀ kí ó pẹ́, ìhà ibẹ̀ sì ni òjò ti ń fẹ́ wá.

Mo ránṣẹ́ pe ọ̀gá bíríkìlà. Ó wo okùn, ó fi ìka kan ògiri kọ́kọ́kọ́, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, búlọ́ọ̀kù yín ò wọ́ o. Ẹni tó rẹ́ ẹ ló wọ́.” Ó fi ṣísẹ́ẹ̀lì ṣí ojú mẹ́rin. Ní ẹ̀gbẹ́ òsì, sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ẹ nípọn tó 30 lókè, ó sì jẹ́ 12 nísàlẹ̀. Lọ́tùn-ún, 12 lókè, 30 nísàlẹ̀. Búlọ́ọ̀kù tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ dúró ṣánṣán. Mo sáré lọ sẹ́yìnkùlé, níbi tí férémù onígi ti àwọn lúfà àtijọ́ ṣì wà, mo wọn igun sí igun tirẹ̀: òun náà wọ́. Ó hàn gbangba pé férémù yẹn ti tẹ̀ kí wọ́n tó rẹ́ ilé, ẹni tí ó rẹ́ ẹ sì kàn fi sìmẹ́ǹtì tẹ̀ lé e. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ilé ni ó ti wà bẹ́ẹ̀, àwọn gíláàsì lúfà sì gbà á láìjanpata.

Nítorí náà, a ó gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kúrò, a ó sì tún un rẹ́, ní nǹkan bí 20 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Mo fẹ́ kí mẹ́rin yòókù kọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n mo ti jáwọ́ nínú ìyẹn pẹ̀lú, nítorí pé àwọ̀ ilẹ̀ tí mo yàn lè má bá ara mu bí wọ́n bá gé ti ìkarùn-ún láti ara ọ̀pá mìíràn tí wọ́n kó dé lẹ́yìn.

Nígbà tí mo pe ọ̀gá alúmíníọ̀mù pé kí ó ní sùúrù, ó ní kò burú, ó ní òun ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní “4 sí 4”. Àyà mi já. Ẹsẹ̀ bàtà 4 jẹ́ 1,219, kì í ṣe 1,200. Kò sì sí ọ̀kan nínú ojú fèrèsé mi tí ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù kejì ni pé bí mo bá fún un ní ìwọ̀n férémù tí ó sì rò pé ìwọ̀n ojú fèrèsé ni, òun náà yóò tún yọ 10 tirẹ̀. Lórí ìwé tuntun, mo ti wá kọ “ÌWỌ̀N FÉRÉMÙ, mo ti yọ 10” sí iwájú nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, ìbú ṣáájú, gíga tẹ̀ lé e.

Mo tún ra igi àfàrà ní Bódìjà láti fi ṣe férémù àdánwò tí yóò jẹ́ 1,190 sí 1,190. Mo fi 600, 800 àti 1,000 yẹ igun rẹ̀ wò kí n tó kan igi ìdábùú mọ́ ọn: bí a bá wọn 600 lára igi kan láti igun, tí a wọn 800 lára èkejì, 1,000 ni ó gbọ́dọ̀ wà láàárín ojú àmì méjèèjì bí igun náà bá gún régé. Òun ni ọ̀gá bíríkìlà yóò máa gbé sí ojú fèrèsé bí ó ti ń rẹ́ ẹ, kí ó má baà jẹ́ pé ojú rẹ̀ nìkan ni a gbẹ́kẹ̀ lé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ó ń bọ̀. Títí dìgbà náà, aṣọ ìkélé àtijọ́ ni mo fi dí ojú fèrèsé nítorí òjò, okùn méjèèjì sì ṣì rọ̀ níbẹ̀. Màámi ní òun kò bínú sí okùn, kí n ṣáà má jẹ́ kí ojé bọ́ sínú ọbẹ̀ òun.