Ìdọ̀bálẹ̀ Kì í Parí Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́

Ní ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́ l'Abẹ́òkúta, ìbáà jẹ́ ọ́fíìsì ìjọba l'Òkè-Mọsàn tàbí ṣọ́ọ̀bù aládìrẹ n'Ítòkú, bí aáwọ̀ bá ṣẹlẹ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni, "Ṣé ẹgbẹ́ ẹ ni?" Ẹni tó kéré á dọ̀bálẹ̀ tàbí kó kúnlẹ̀, àgbà á ní òun ti gbọ́, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀. Tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ìjà kan náà tún dé. Ẹ̀bẹ̀ ti parí ọ̀rọ̀ àfojúdi, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ohun tó dá ìjà sílẹ̀. Ẹjọ́ méjì ni, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sì yẹ ká parí wọn.

Ẹ jẹ́ ká mú ti Ìtòkú. Aṣọ oníbàárà jáde, aró ti wọ ibi tó yẹ kó funfun. Aláró ní ẹni tó tẹ àbẹ́là, ìda yíyọ́ tí kì í jẹ́ kí aró wọ aṣọ, ni kò ṣe é dáadáa, onítọ̀hún ní aláró ló bà á jẹ́. Kí ẹnikẹ́ni tó pe ẹnìkejì ní ọ̀lẹ, ẹ tẹ́ aṣọ náà sílẹ̀, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Àbẹ́là tí kò gbóná tó nígbà tí wọ́n fi fóòmù tẹ̀ ẹ́ kì í wọnú òwú, ojú aṣọ ló máa ń dúró sí, aró á wá gba ẹ̀yìn wọlé. Ẹ má tíì dájọ́ o. Ẹ bi aláró bóyá aró ṣì gbóná nígbà tó ki aṣọ bọ̀ ọ́, torí aró gbígbóná máa ń yọ́ àbẹ́là. Bó bá jẹ́ pé ibi funfun mọ́, ṣùgbọ́n àwọ̀ yòókù ṣá, ẹ wo hydros, kẹ́míkà tí wọ́n ń pò mọ́ aró: bí ọ̀rá rẹ̀ bá ti wà ní ṣíṣí tí afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin ti wọ̀ ọ́, agbára rẹ̀ ti lọ. Aṣọ fúnra rẹ̀ á sọ púpọ̀ bí ẹ bá bi í kí ẹ tó bi èèyàn.

Bó bá jẹ́ àgbà lo fẹ́ bá sọ̀rọ̀, má ṣe é lójú oníbàárà tàbí ọmọ iṣẹ́. Bá a nígbà tó bá dá wà, lọ́jọ́ náà tàbí lọ́jọ́ kejì, kí ọ̀rọ̀ náà tó di ohun ìgbàgbé. Kí i, kó o wá sọ ohun tó o rí, ohun tó dá sílẹ̀, àti ohun tó ò ń fẹ́: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, aṣọ mẹ́ta ni aró wọ̀ láti ẹ̀yìn, oníbàárà ò sì gbà wọ́n. Ṣé a lè máa dán àbẹ́là wò lórí àkísà ká tó tẹ̀ ẹ́?" Má sọ pé "bẹ́ẹ̀ lẹ máa ń ṣe." Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ aṣọ ti ń di ọ̀rọ̀ ìwà.

Ọ̀gá tó kéré sí òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ orí ló ní wàhálà jù. Ojú á tì í, á rán ẹlòmíràn sí òṣìṣẹ́ náà, tàbí kó ju ọ̀rọ̀ sórí WhatsApp gbogbo ọ́fíìsì. Ẹni tá a rán á bu iyọ̀ sí i, WhatsApp á sì pe ẹlẹ́rìí jọ, àgbà á wá máa jà nítorí ojú ayé. Máa pè é ní "ẹ," máa pè é ní màmá, kó o jókòó tì í, kó o sì dúró lórí ìpinnu rẹ. Bá a sọ̀rọ̀ lẹ́nu kó o tó kọ query, ìwé tó ń ní kí òṣìṣẹ́ wá ṣàlàyé ara rẹ̀. Bí ìwé bá ti dé, àwíjàre ló kù tí èèyàn ń wá.

Ẹni tí wọ́n bá pè láti làjà, kó kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu oníkálukú ní kọ̀rọ̀, kó tó pe àwọn méjèèjì pọ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Kí wọ́n kọ àdéhùn sílẹ̀: ta ni yóò máa dán àbẹ́là wò, ta ni yóò máa di ọ̀rá hydros, ọjọ́ wo ni wọn yóò tún jọ yẹ̀ ẹ́ wò, kó má ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ.

Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà ní kí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé àdéhùn láàárín oṣù 3 tó bẹ̀rẹ̀: irú iṣẹ́, owó, wákàtí, ìsinmi. Ẹni tí kò bá tíì rí tirẹ̀ gbà, kó béèrè nígbà tí ara tutù. Bó bá di ọjọ́ ìjà ló béèrè, wọ́n á ní ẹjọ́ ló fẹ́ pè.