Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lẹ́nu iṣẹ́ ìwádìí òkun: ẹ mọ ibi tí nọ́ńbà ti wá

Àwọn àbúrò tó fẹ́ di onímọ̀ òkun sábà máa ń sọ fún mi pé àwọn fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi kọ̀ǹpútà sọ àsọtẹ́lẹ̀ òjò. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ohun tí mo máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ ni ibi tí nọ́ńbà tí wọ́n ń kó sínú kọ̀ǹpútà ti wá: ta ló wọ̀n ọ́n, kí ló fi wọ̀n ọ́n, kí ló sì lè mú kí irinṣẹ́ náà purọ́?

Òkun tí mo ń ṣiṣẹ́ lé lórí ni Gulf of Guinea, ìyẹn òkun tó wà níwájú Èkó, Kútọnu, Lomé àti Abidjan. Lọ́dọọdún, bó bá ti ń di oṣù karùn-ún, atẹ́gùn tó ń fẹ́ láti gúúsù ìlà-oòrùn á le sí i, á máa ti omi gbígbóná ojú òkun lọ sọ́nà Brazil. Omi tútù á wá gòkè láti ìsàlẹ̀ wá rọ́pò rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà agbedeméjì ayé. Omi tó wà ní nǹkan bíi 28°C ní oṣù kẹrin lè wálẹ̀ sí 24°C ní oṣù keje sí ikẹjọ, nígbà mìíràn kó tiẹ̀ lọ sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀. Etíkun Ghana àti Côte d'Ivoire náà máa ń tutù lásìkò yẹn, ìgbà náà sì ni ẹja ṣáwá máa ń pọ̀ nínú àwọ̀n wọn. Òkun tó tutù yìí wà lára ohun tó ń fà á tí òjò fi ń dáwọ́ dúró díẹ̀ ní Èkó, Abẹ́òkúta àti Kútọnu, tí gbogbo wa ń pè ní August break. Òjò ti kọjá lọ sókè lọ́hùn-ún nígbà yẹn, lápá ilẹ̀ Hausa àti Niger.

Ọdún mìíràn wà tí atẹ́gùn yẹn kì í le tó bó ṣe yẹ. Omi gbígbóná á jókòó sọ́dọ̀ wa, òjò á sì máa rọ̀ sétíkun. Atlantic Niño là ń pe ìyẹn, àbúrò El Niño, ìyẹn ìgbà tí omi òkun Pacific máa ń gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 1984, ó sì tún wáyé gan-an lọ́dún 2021.

Ìtàn kan wà tí mo máa ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1982, òkè ayọnáyèéfín kan tó ń jẹ́ El Chichón bú gbàù ní Mexico, eruku rẹ̀ sì gba ojú ọ̀run. Eruku yìí mú kí sátẹ́láìtì máa ka omi òkun bíi pé ó tutù ju bó ṣe rí gan-an lọ. Àsìkò yẹn gan-an ni El Niño ńlá kan ń gbára jọ nínú Pacific, tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ò sì mọ̀ títí tó fi di ńlá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ yẹn wà lára ohun tó mú kí wọ́n to nǹkan bí àádọ́rin bọ́ọ̀yì, ìyẹn irinṣẹ́ ìwọ̀n tó ń léfòó lójú omi, sórí Pacific, tí iṣẹ́ náà parí lọ́dún 1994. Nígbà tí El Niño ọdún 1997 wá dé, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wò ó bó ṣe ń dàgbà. Ọdún 1997 yẹn náà ni ilẹ̀ Faransé, Brazil àti Amẹ́ríkà dá PIRATA sílẹ̀, àwọn bọ́ọ̀yì ti òkun Atlantic tiwa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí bọ́ọ̀yì kan ṣe máa ń rí tí ọkọ̀ ìwádìí bá padà dé ìdí rẹ̀ lẹ́yìn bí ọdún kan. Ìgbẹ́ ẹyẹ á ti bo orí rẹ̀. Karahun á ti lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀ pìtìpìtì. Wáyà gígùn ló so ó mọ́ irin tó wúwo ní ìsàlẹ̀ òkun, ohun tó ń wọn ìgbóná omi sì wà lára wáyà náà ní ìpele-ìpele títí dé 500 mítà. Ẹja túnà fẹ́ràn láti máa kóra jọ sábẹ́ rẹ̀, ibi tí ẹja bá sì wà ni ọkọ̀ apẹja máa lọ. Mo ti rí okùn ìwọ̀ tó lọ́ mọ́ wáyà yí po, tí irinṣẹ́ méjì tó yẹ kó wà níbẹ̀ sì ti já lọ. Lórí kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì, àlàfo lásán lẹ máa rí. Ọ̀pọ̀ èèyàn á kàn ní kí kọ̀ǹpútà fojú bu nọ́ńbà sí i. Ẹ̀yin ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Tó bá sì jẹ́ ẹ̀yin lẹ wà lórí ọkọ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀: ọjọ́, aago, bí ojú omi ṣe rí, irinṣẹ́ tó bàjẹ́ àti èyí tẹ́ ẹ fi rọ́pò rẹ̀. Ó lè rẹ̀ yín, òkun lè máa gbé yín sókè sódò, ẹ ṣáà kọ ọ́.

Sátẹ́láìtì ò lè gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ bọ́ọ̀yì. Oṣù keje àti ikẹjọ tá a fẹ́ mọ bí omi ṣe tutù tó gan-an ni kùrukùru máa ń bo Gulf of Guinea jù, púpọ̀ nínú àwọn sátẹ́láìtì tó ń ka ìgbóná omi ni kò sì lè ríran gba inú rẹ̀ kọjá.

Ohun tó tún dùn mí lọ́kàn jù ni bí àwọn olówó ṣe ń fojú kéré wíwọ̀n nǹkan fọ́dún pípẹ́. Àjọ kan sọ fún wa rí pé ohun tuntun làwọn ń fowó sí, pé wíwọ̀n ohun tí wọ́n ti wọ̀n lánàá kì í ṣe ìwádìí. Mi ò gbà. Ṣáájú àwọn ọdún 1970, bí omi wa bá gbóná, etíkun á rí òjò, àwọn ará Sahel, ìyẹn ilẹ̀ gbígbẹ tó wà ní gúúsù aṣálẹ̀ Sahara, á sì wà nínú ọ̀dá. Lẹ́yìn ìgbà yẹn, okùn tó so méjèèjì pọ̀ dẹ̀. Báwo la ṣe mọ̀? Nítorí pé fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn atukọ̀ ojú omi tó ń kó ẹrù kọjá níwájú wa ń fi korobá fa omi òkun, wọ́n ń ti ohun ìwọ̀n bọ̀ ọ́, wọ́n sì ń kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀. Ká ní wọ́n dáwọ́ dúró ni, a ò bá má mọ̀ rárá.

Ní ti ẹ̀kọ́ ilé ìwé: físíìsì àti ìṣirò ni ìpìlẹ̀, ẹ kọ́ Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ sì gbọ́ Faransé. Mi ò fi ti Faransé ṣeré. Ní Abomey-Calavi, nítòsí Kútọnu, wọ́n ń kọ́ni ní físíìsì òkun títí dé ìpele mástà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń wá síbẹ̀ láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà. Ní Èkó, NIOMR, ilé iṣẹ́ ìwádìí òkun ti ìjọba Nàìjíríà tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1975, wà ní Victoria Island.

Bí iṣẹ́ bá ti wọ̀ yín lára, àwọn èèyàn á máa bi yín. Bàbá àgbẹ̀ kan ní Ìlaròó bi mí pé, "Dókítà, ṣé òjò á dáwọ́ dúró lóṣù kẹjọ àbí kò ní dáwọ́ dúró? Mo fẹ́ gbin àgbàdo ẹlẹ́ẹ̀kejì." Mo ní, "Bàbá, òkun gbóná ju bó ṣe máa ń rí lọ lọ́dún yìí. Ó ṣeé ṣe kí ìsinmi òjò kúrú, àmọ́ kò dájú. Ẹ má gbin gbogbo irúgbìn yín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo." Ó ní ìyẹn náà tó òun. Àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ máa ń bẹ̀rù láti sọ pé "ó ṣeé ṣe", wọ́n rò pé àgbẹ̀ á fi àwọn ṣẹ̀sín. Àgbẹ̀ tó ti ń wojú ọ̀run láti kékeré mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ pé kò sẹ́ni tó lè ṣèlérí òjò. Ohun tá a ní ni àǹfààní díẹ̀: bí atẹ́gùn bá yí padà lápá Brazil, ìgbì abẹ́ omi á gbéra níbẹ̀, á sì dé ọ̀dọ̀ wa ní nǹkan bí oṣù kan. Bọ́ọ̀yì á ti rí i kó tó dé.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lónìí, ọ̀fẹ́ ni dátà PIRATA lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ mú bọ́ọ̀yì tó wà níbi tí ìlà agbedeméjì ayé ti pàdé ìlà Greenwich, lápá gúúsù Ghana. Ẹ ya ìgbóná omi rẹ̀ láti oṣù kẹrin dé oṣù kẹsàn-án, ọdún kọ̀ọ̀kan lórí ìlà tirẹ̀, kẹ́ ẹ wá wo ibi tí 2021 yà sí. Lẹ́yìn náà, ẹ wá àkọsílẹ̀ òjò ìlú yín, kẹ́ ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí àlàfo nínú dátà náà, ẹ wá àkọsílẹ̀ ìrìn àjò ọkọ̀ tọdún yẹn, kẹ́ ẹ mọ ohun tó ṣe bọ́ọ̀yì.