Mo wọ ihò lónìí, Bàbá ní kí n máa bojú wẹ̀yìn

Sátidé. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti kọjá, iná ti lọ láti ìrọ̀lẹ́, fóònù ni mo fi ń tẹ kiní yìí, bátìrì ẹ̀ sì ku 17%. Tẹ́lẹ̀ tí iná bá lọ báyìí màá ní ilé ṣókùnkùn. Mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀ mọ́ o. Ilé ò ṣókùnkùn rárá, mo ṣì ń rí ojú fèrèsé, mo ń rí funfun ògiri, iná jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò sì ń yọ́ wọlé lábẹ́ kọ́tìnì. Òkùnkùn tí mo bá pàdé nínú ihò l'Ídànrè lónìí ni òkùnkùn, mo gbé ọwọ́ síwájú imú mi, mi ò rí ìka kan, ṣùgbọ́n tí mo bá ju ọwọ́ yẹn ó ń dà bíi pé mò ń rí i tó ń lọ. Irọ́ ni. Ara ló mọ ibi tí ọwọ́ wà, ló bá ń yàwòrán ẹ̀ fún ojú.

Ihò Eléèérú ló fa gbogbo ẹ̀. Lápá Ìsàrun níbí ló wà, bíi kìlómítà 24 sí Àkúrẹ́, 1965 ni Thurstan Shaw, òyìnbó awalẹ̀pìtàn, àtàwọn èèyàn ẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ tí wọ́n bá egungun èèyàn tó ti wà níbẹ̀ láti bíi ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlá ọdún sẹ́yìn, ìgbà tó wá di 2011 làwọn kan tún agbárí yẹn yẹ̀ wò, wọ́n ní ó jọ tàwọn èèyàn àtijọ́-tijọ́ ju bí ọjọ́ orí ẹ̀ ṣe yẹ lọ. Àti pé "Iwo Eleru" ni wọ́n ń kọ ọ́ nínú ìwé òyìnbó fún ọ̀pọ̀ ọdún, ihò wá di ìwo bíi ti màlúù, ẹ gbà mí. Látìgbà tí mo ti kà á ni nǹkan yìí ti wọ̀ mí lára. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ lọ, ẹ̀gbọ́n mi ló ní rárá, inú igbó kọ́ lẹni tí ò wọ ihò rí ti ń bẹ̀rẹ̀, ó wá bá mi wá bàbá ọdẹ kan tó dàgbà sí Ìdànrè, ó ní kí èmi àti òun àti ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan tẹ̀lé bàbá, ká pé mẹ́rin, tí ẹnì kan bá fara pa kí ẹnì kan lè jókòó tì í, kí méjì lọ pe èèyàn.

Ẹrù mi? Ẹ má rẹ́rìn-ín. Hẹ́límẹ́ẹ̀tì ọ̀kadà ni mo gbé wá. Bàbá wò mí títí, wọ́n ní, "Ìyá mi, ṣé a fẹ́ wọ ihò ni àbí a fẹ́ gbéra lọ sí Oǹdó?" Ó tóbi jù, mi ò lè gbọ́ràn, mi ò lè wòkè, ẹ̀gbọ́n mi ló yá mi ní ti àwọn tó ń kọ́lé. Jínnsì tí mo wọ̀ náà, àṣìṣe ni, ó kàn tọ́ omi díẹ̀ ni ó bá wúwo bí àpò gàrí. Ohun tí mo ṣe dáadáa ni iná, mo ti kà á pé orísun iná mẹ́ta lẹnì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gbé, mo sì gbé mẹ́ta. Bàbá ní láyé tiwọn káábáàdì ni wọ́n fi ń dẹ̀gbẹ́ lóru, omi á máa kán sórí òkúta káábáàdì, afẹ́fẹ́ tó bá jáde ni wọ́n á ṣáná sí níwájú orí. Irú àtùpà yẹn gan-an làwọn tó ń wọ ihò lókè òkun náà lò fún ọ̀pọ̀ ọdún o, ọdẹ Ìdànrè àti òyìnbó, àtùpà kan náà.

Àtẹ̀gùn tí wọ́n ń gbà gun òkè Ìdànrè lé ní 600, mi ò ní sọ nípa ẹ̀ ju pé orúnkún mi ṣì ń bínú.

Ihò tiwa kì í ṣe irú èyí tí omi máa ń jẹ sínú òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì. Àpáta Ìdànrè kì í yọ́ nínú omi bẹ́ẹ̀, ńṣe ló ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà, ó là, ó wó léra, àlàfo tó bá ṣẹ́ kù láàárín wọn lẹ ń wọ̀. Torí ẹ̀ kò sí pé ẹ ń rìn geere, ẹ ń rá, ẹ ń fẹ̀gbẹ́ gbà, ẹ ń fi ìdí wọ́. Ọwọ́ méjì ẹsẹ̀ méjì, mẹ́ta gbọ́dọ̀ dúró sára òkúta kẹ́ ẹ tó gbé ìkẹrin, ìyẹn yé mi kíá.

Èyí tí ò yé mi ni ti ẹ̀yìn. Tá a bá ti rìn díẹ̀ báyìí Bàbá á ní, "Ẹ̀yìn ńkọ́?" Màá yíjú, màá wò ó fẹ̀ẹ̀rẹ̀, màá ní mo ti rí i bàbá. Kí n má parọ́, inú mi ò dùn sí i. Ìyá tó bí mi máa ń ní, tí wọ́n bá pè ọ́ lẹ́yìn lálẹ́ o ò gbọdọ̀ wẹ̀yìn, tó o bá rí ẹbọ ní orítà kọjá lọ má wẹ̀yìn, gbogbo ìgbà èwe mi ni mo fi ń wo iwájú. Nínú òkùnkùn wá ni ẹnì kan tún ń ní kí n máa yíjú.

Ibi tí òórùn àdán ti bẹ̀rẹ̀ la ti dúró. Wọ́n máa ń ṣọdún àdán l'Ídànrè, àwọn ọkùnrin á wọnú ihò lọ mú wọn (obìnrin ò sí níbẹ̀, mo ti gbà), ṣùgbọ́n àwọn oníwádìí wá ní 2010 àti 2013, wọ́n bá àwọn agboolé kan sọ̀rọ̀, èèyàn 2,112 ló wà nínú wọn, 52 ní àdán ti gé àwọn jẹ rí, àyẹ̀wò sì fi hàn pé ó ju ìdajì àwọn àdán yẹn lọ tí ẹ̀jẹ̀ wọn ti bá àwọn kòkòrò tó jẹ́ ẹbí ti dìgbòlugi pàdé. Wọn ò rí i lára èèyàn kankan, a dúpẹ́. Ìgbẹ́ wọn náà ńkọ́, ohun tó ń hù nínú ẹ̀, téèyàn bá fà á símú, ó lè mú ẹ̀dọ̀fóró. Mi ò wọ ihò àdán, ẹ má bínú.

Bàbá wá ní ó yá, èmi ni kí n ṣíwájú padà. Mo rìn bíi ìṣẹ́jú mẹ́ta, mo bá ojú ihò mẹ́ta níwájú mi. Mẹ́ta! Nígbà tá à ń bọ̀ ọ̀kan péré ni mo rí torí àwọn méjì tó kù, ẹ̀yìn wọn ló kọ sí mi. Mo mú tòsì, ó dá mi lójú gan-an, mo rá wọlé títí èjìká mi fi há, ìgbà yẹn gan-an ni tọ́ọ̀ṣì orí mi kú, mo tan ìkejì, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Àwọn tó wà lẹ́yìn ò sọ nǹkan kan. Mo fà sẹ́yìn, mo tún tàn án yí ká, mo wá rí òkúta kan tó rí bí orí àgbò, ìwo ẹ̀ ṣẹ́ lápá kan. Mo mọ̀ ọ́n. Ọ̀kan nínú ìgbà tí wọ́n ní "ẹ̀yìn ńkọ́" ni mo rí i, torí tí iwájú lèèyàn bá ti ń bọ̀, òkúta lásán ni, kò lórí kò nímú. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ la gbà jáde.

Oòrùn ta mí lójú, mo jókòó, mo mu píọ̀ wọ́tà méjì láì mí.

Màámi pè ní ìrọ̀lẹ́, mo rò pé wọ́n máa bínú, wọ́n kàn dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, "O ò sáà bojú wẹ̀yìn níbẹ̀?" Mo ní Màámi, ó tó ìgbà ogójì. Wọ́n ní kí n fi nọ́ńbà bàbá ọdẹ yẹn ránṣẹ́ sáwọn.