Ìmọ̀ràn tí Picard fún Data

Lálẹ́ àná, èmi àti àbúrò mi obìnrin jọ wo apá kan tó jáde ní ọdún 1989 nínú Star Trek: The Next Generation, eré tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà nípa àwọn tó ń fi ọkọ̀ òfuurufú rìn kiri láàárín àwọn ìràwọ̀. Inú rẹ̀ bàjẹ́ gidigidi, nítorí pé iṣẹ́ kan tó ti múra sílẹ̀ fún dáadáa, tó sì dáhùn gbogbo ìbéèrè wọn, ni wọ́n gbé fún ẹlòmíràn.

Nínú apá náà, Data, ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe ní àwòrán ènìyàn, díje nínú eré ọgbọ́n kan pẹ̀lú àlejò agbéraga tó ń jẹ́ Kolrami, ó sì fìdí rẹmi. Nítorí pé kò rí ibi tí òun ti ṣì í, ó gbà pé nǹkan ti bàjẹ́ nínú ara òun, ó sì yọ ara rẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ìgbà náà ni Picard, ọ̀gá ọkọ̀ wọn, wá bá a nínú yàrá rẹ̀, tó sọ fún un pé ènìyàn lè máà ṣe àṣìṣe kankan, kó sì tún pàdánù, pé bí ayé ṣe rí nìyẹn, kì í ṣe àìlera.

Àbúrò mi ní kí n dá a padà sẹ́yìn kí òun tún un gbọ́. Ohun tó wú èmi lórí jù ni pé Picard kò fi ọ̀rọ̀ ìtùnú nìkan sílẹ̀ níbẹ̀. Ó jẹ́ kí Data mọ̀ pé òun ṣì nílò rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ǹjẹ́ eré àtijọ́ kan ti bá yín sọ̀rọ̀ báyìí rí?