Kọ́kọ́rọ́ Orí Tábìlì: Àyẹ̀wò Ọdún 2025 Mi

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi yẹ ọdún 2025 wò, nítorí pé òun ló gba ọkàn mi jù lọ: àfẹ́sọ́nà mi kò mọ ọkọ̀ wà, èmi sì mọ̀ ọ́n. Iléṣà ni mò ń gbé, Ilé-Ifẹ̀ ni òun wà, nǹkan bíi kìlómítà 30 ló sì wà láàárín wa. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń wakọ̀ lọ bá a ní Lágere ní ọjọ́ Sátidé, tí mo sì ń padà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Kò yọ mí lẹ́nu títí di oṣù Kẹrin, nígbà tí a jọ lọ síbi ìgbéyàwó kan, tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí sí kọ̀rọ̀, tí wọ́n ní ojú ń ti àwọn bí ọkùnrin ṣe jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin tó ń wakọ̀. N kò rí ìdí tí ó fi yẹ kí ó jẹ́ ìtìjú. Bàbá bàbá mi ṣe òṣómàáló, òwò aṣọ àwìn tí àwọn Ìjẹ̀ṣà máa ń kiri. Ẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ ológeere ni wọ́n fi tajà, wọn kò wa mọ́tò rí títí wọ́n fi kú. Màmá mi tilẹ̀ sọ pé, "Ọkọ ni mo ní kí o wá, n kò ní kí o wá dẹ́rẹ́bà."

Àfi òru ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹwàá. Àfẹ́sọ́nà mi wá kí wa, òjò sì dá a dúró. Ibà ti dá mi gúnlẹ̀ láti ọjọ́ méjì, òòyì sì ń kọ́ mi. Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, ẹ̀jẹ̀ Màmá ru sókè, wọ́n ní orí ń fọ́ àwọn, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́. Ọkọ̀ wà ní àgbàlá, epo wà nínú rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lórí tábìlì, kò sì sí ẹni tó lè wà á nínú ilé. N kò lè gbàgbé bí àwa méjèèjì ṣe wo kọ́kọ́rọ́ yẹn. Lójú ẹsẹ̀ ó pe awakọ̀ kòròpé kan tí ó máa ń gbé e láti gáréèjì, nítorí pé ẹni tó ń wọ ọkọ̀ èrò a máa mọ àwọn awakọ̀ bí ẹni mọ ẹbí. Àfẹ́sọ́nà mi ló gbé Màmá pọ̀n dé inú ọkọ̀, òun ló sì wà lọ́dọ̀ wọn ní ilé ìwòsàn títí ilẹ̀ fi mọ́. Ara wọn ti yá báyìí, mo dúpẹ́.

Láti òru yẹn ni mo ti gbà pé ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì, kì í ṣe nítorí ojú ayé, bí kò ṣe pé ilé tí ẹnìkan ṣoṣo ti ń wakọ̀, ọjọ́ tí àìsàn bá dá ẹni náà wó, ọkọ̀ ibẹ̀ ti di ẹrù. Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi kọ́ ọ. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ọkọ̀ ta ni ǹ bá fi kọ́ ọ?" Kò sí ọkọ̀ nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Ọkọ̀ bàbá mi ni èmi fi kọ́ tèmi, lórí pápá ilé-ìwé kan. Ní gbogbo ìgbà tí mo sì fi ń gbé e kiri, n kò fi kọ́kọ́rọ́ mi lé e lọ́wọ́ rí. Ìyẹn ni ẹ̀bi tí mo rí lọ́wọ́ ara mi lọ́dún yìí, ó sì dùn mí.

Àwọn kan ní kí ó kàn fowó ra ìwé àṣẹ ìwakọ̀. A kọ̀. Ikú tí ọkọ̀ ń pa àwọn ènìyàn, títí kan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Ifẹ̀, lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ ló mú Wọlé Ṣóyínká jà fún ètò ààbò ojú pópó, kí ìjọba àpapọ̀ tó dá àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó (FRSC) sílẹ̀ ní ọdún 1988, tí òun sì jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Ọ̀nà yẹn náà ni àfẹ́sọ́nà mi yóò máa gbà. Ilé ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ ló lọ, ó sì gba ìwé àṣẹ akẹ́kọ̀ọ́ nínú oṣù Kọkànlá.

Kílọ́ọ̀ṣì (clutch) kò tíì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ lórí òkè, Iléṣà sì kún fún òkè. Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ó fi ọkọ̀ mi gbé wa láti iwájú ilé dé ṣọ́ọ̀ṣì, pẹ̀lú àmì L níwájú àti lẹ́yìn. Màmá jókòó sẹ́yìn, ọwọ́ mi sì wà lórí bíréèkì ọwọ́ títí a fi dé.