Kí ẹ tó yá èèyàn ní ìwé ìtàn tó dùn mọ́ yín, ẹ gbọ́ tèmi ná

Télọ̀ ni mí o, Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, àwọn kọ́sítọ́mà mi sì mọ̀ pé tí mi ò bá ti sí nídìí máṣíìnì, ìwé ló wà lọ́wọ́ mi. Bàbá mi ló kó o ràn mí. Tí wọ́n bá ti múná lọ lálẹ́, wọ́n á tan àtùpà, wọ́n á máa ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti Fágúnwà sí wa létí, wọ́n á máa yí ohùn padà, ẹ̀rù á bà wá débi pé kò sẹ́ni tó lè dá jáde lọ tọ̀. Ní báyìí, ti àwọn ọmọ wa tó ń kọ̀wé lédè òyìnbó ni mò ń kà jù, ti ìfẹ́ o, ti idán àti òrìṣà o, èyí tó máa ń jẹ́ kéèyàn sunkún sórí aṣọ oníaṣọ o, gbogbo ẹ̀ ni mò ń kó mọ́ra. Ìṣòro tèmi ni pé ẹnu mi kì í dákẹ́. Tí ìwé bá ti dùn mọ́ mi, àfi kí n fi lé ẹlòmíì lọ́wọ́, bó fẹ́ bó kọ̀.

Àǹtí kan wà tí mo ti ń ránṣọ fún bí ọdún mẹ́fà. Wọ́n máa ń jókòó dúró de aṣọ wọn ni, wọn kì í fẹ́ tètè lọ sílé, mo sì rò pé ariwo ṣọ́ọ̀bù ló ń wù wọ́n. Mo bá fún wọn ní Stay With Me ti Ayọ̀bámi Adébáyọ̀. (Ẹ̀yin tẹ́ ò tíì kà á, ẹ fo ibí yìí, mo máa tú àṣírí.) Mo ní, "Àǹtí, ẹ máa gbádùn èyí gan-an, Iléṣà ló ti ṣẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ obìnrin kan tí kò tètè rọ́mọ bí ni, tí àwọn ẹbí ọkọ lọ fẹ́ ìyàwó kejì wá lé e lórí." Mo tiẹ̀ sọ ti ibi tí Yéjídé ti gun òkè lọ bá wòlíì tó sì fún ewúrẹ́ lọ́mú, a jọ rẹ́rìn-ín sí i. Ohun tí mo sọ ò ju ìyẹn lọ. Mi ò sọ ìdajì tó kù. Mi ò sọ pé nígbà tí àwọn ọmọ dé tán, wọ́n tún ń kú, pé àìsàn ẹ̀jẹ̀ SS (sickle cell) ló pa Ṣẹ̀san tó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, pé ọmọ tó kẹ́yìn ni wọ́n sọ ní Rótìmí torí kó lè dúró ti ìyá ẹ̀, orúkọ ọmọ yẹn náà ló di orúkọ ìwé.

Ọjọ́ kẹrin ni wọ́n gbé e padà wá. Wọ́n fi náílọ́ọ̀nù dúdú wé e, wọ́n ta á ní kókó méjì bí ẹni di ẹran ọdún. Wọ́n gbé e lé orí tábìlì tí mo ti ń gé aṣọ, lórí léèsì ẹni ẹlẹ́ni tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí. Wọn ò jókòó. Wọ́n ní, "Ìyá Fẹ́mi, ta ló sọ fún ẹ?" Mo ní, "Sọ kí ni, Àǹtí?" Wọ́n ní, "Ta ló sọ ọ̀rọ̀ Kọ́lá fún ẹ?"

Mi ò mọ Kọ́lá kankan. Ọmọ wọn ni, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, SS ni òun náà, ó ti lọ kí n tó mọ̀ wọ́n. Ọdún mẹ́fà gbáko tí mo fi ń wọn ejìká wọn, tí mò ń wọn ìbàdí wọn, wọn ò dárúkọ ọmọ yẹn rí, èmi náà ò sì bèèrè ìdí tí wọn kì í fi í kánjú lọ sílé. Mo búra fún wọn pé kò sẹ́ni tó sọ nǹkan fún mi. Wọ́n ní ó dáa, wọ́n bá lọ. Mi ò rí wọn fún bí oṣù márùn-ún.

Nǹkan tó yí padà lọ́wọ́ mi nìyẹn. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń bi èèyàn pé irú ìwé wo ló fẹ́ràn, ìbéèrè yẹn ò wúlò tó bí ẹ ṣe rò, gbogbo èèyàn ló máa sọ fún yín pé "èyí tó bá ṣáà ti dùn". Ní báyìí, "Kí lẹ ò fẹ́ bá pàdé nínú ìwé lásìkò yìí?" ni mò ń bèèrè. Ẹ dán an wò. Ẹnì kan á ní òun ò fẹ́ kí wọ́n na obìnrin, ẹnì kan á ní òun ò fẹ́ ikú rárá, ọ̀gá báńkì kan sọ fún mi pé kí n má gbé ìwé tí ìyá ọkọ bá wà nínú ẹ̀ wá bá òun, ó fi ọwọ́ ra ojú bó ṣe ń sọ ọ́, mi ò sì bèèrè ìdí.

Ẹ má rò pé mo gbọ́n lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ o. Mo rò pé ìwé tó bani nínú jẹ́ nìkan lewu, mo wá bọ́ sórí ìwé ìfẹ́ àti ẹ̀rín. Ọmọge kan ń bọ̀ wá gba aṣọ ẹbí, mo fún un ní Yinka, Where Is Your Huzband? ti Lizzie Damilola Blackburn, ìtàn ọmọ Nàìjíríà kan ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, ọmọ ọdún 31, tí ìyá ẹ̀ àti àwọn àǹtí ń gbàdúrà ọkọ fún ní gbangba títí ojú fi ń tì í. Mi ò mọ̀ pé ìyá ọmọge yìí wà níta nínú mọ́tò. Ìyá wọlé, wọ́n gba ìwé lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n ka àkọlé ẹ̀ sókè, wọ́n tún un kà, wọ́n wá gbójú sókè wo páànù ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n ní, "Olúwa, o ṣeun tó o ń lo télọ̀ láti bá ọmọ mi sọ̀rọ̀!" Ibẹ̀ ni àdúrà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọṣẹ́ mi ń ṣe àmín. Bí ọmọ yẹn ṣe wò mí lọ́jọ́ náà, tí ojú bá ń pani ni, ẹ̀ bá ti jẹun òkú mi tán.

Ṣùgbọ́n ó kà á o. Aago kan òru ló fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ó ń rẹ́rìn-ín. Tèmi lórí ìwé yẹn ni pé ẹ̀rín inú ẹ̀ dáa, àmọ́ ibi tó ká mi lára ni ibi tí Yínká ti ń tún ara ẹ̀ rán bí aṣọ tí kò bá ara mu, ó ń yí irun, ó ń kọ́ èdè Yorùbá, ó ń kọ́ oúnjẹ sísè, gbogbo ẹ̀ torí ọkùnrin kan. Mo ti rí aṣọ tí wọ́n gé jù. Kò sí bẹ́ ẹ ṣe máa sọ ọ́ tí kò ní hàn.

Honey & Spice ti Bolu Babalola, díẹ̀ ló kù kí n pa á tì. Àwọn ọmọ yunifásítì ní ìlú ọba ni, ẹ̀dà ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ láàárín ara wọn pọ̀, èmi tí mo wà ní Mọ́kọ́lá, mo ń bi íntánẹ́ẹ̀tì léèrè ní ojú ewé kejì kejì. Mo rọ́jú ṣáá. Kíkí Banjo ń ṣe ètò rédíò tó fi ń kìlọ̀ ọkùnrin fáwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀, wọ́n wá rí òun fúnra ẹ̀ tó ń fẹnu ko Málákáì, ọkùnrin tó kìlọ̀ ẹ̀, lẹ́nu, làwọn méjèèjì bá ń díbọ́n pé àwọn ń fẹ́ra. Ẹnì kan ní kí ló wá dùn níbẹ̀, ṣebí òun ti mọ bó ṣe máa parí. Ẹ gbọ́ ná, tẹ́ ẹ bá lọ síbi ìgbéyàwó, ṣé ẹ máa ń ráhùn pé ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé wọ́n máa fẹ́ra wọn? Ijó là ń wò. Ọ̀rọ̀ tí Kíkí àti Málákáì ń jù lura wọn, ijó gidi ni, bó bá ti sọ, lòun náà á fèsì, mo máa ń dá rẹ́rìn-ín nídìí máṣíìnì.

Ti idán, èmi gan-an ni mo jẹ̀bi. Nígbà tí Children of Blood and Bone ti Tomi Adeyemi jáde ní 2018, mo fi ìjà kà á ni. Mo rí Ìlọrin nínú ẹ̀, Ìlọrin tó léfòó lórí omi! Mo kà á fún ọkọ mi tó jẹ́ ọmọ Ìlọrin, ó ní, "Ṣé odò Asà ló kún bẹ́ẹ̀?" Látìgbà yẹn, àṣìṣe ni mò ń wá kiri, mo ń wo gbólóhùn Yorùbá tí wọ́n fi ń pe idán bóyá ó gún, ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo sì ń fi Fágúnwà díwọ̀n ẹ̀, bí ẹni ń fi bùbá díwọ̀n gáùn. Ìgbà tí mo dé ẹ̀yìn ìwé, tí mo ka ọ̀rọ̀ tí òǹkọ̀wé fi parí, pé ìbọn tí àwọn ọlọ́pàá Amẹ́ríkà ń yìn pa àwọn aláwọ̀ dúdú ló gbé òun dé ìdí ìtàn náà, ni mo tó rí i pé ọba Saran tó pa àwọn onídán, ìyá Zélie, ọmọge tí ìtàn dá lé, tí wọ́n pa lójú ọmọ, gbogbo ẹ̀ ní ibi tó ń lọ. Mo tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò pé náà o, ibi ìfẹ́ Zélie àti Inan ọmọ ọba yẹn ti yá jù, lójú mi. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohun tó ń sọ. Ẹ ka ọ̀rọ̀ òǹkọ̀wé kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú u.

Shigidi and the Brass Head of Obalufon ti Wole Talabi ló dùn mọ́ mi jù nínú ti òrìṣà, ti 2023 ni. Àwọn òrìṣà ń ṣiṣẹ́ ní kọ́ńpìnnì, àdúrà wa lowó tó ń wọlé fún wọn, wọ́n ń ṣe mítìn-ín, wọ́n ń bára wọn ṣòṣèlú ọ́fíìsì, Ṣìgìdì sì wọ British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù lọ jí orí idẹ wa gbé. Ìtàn yẹn ń fò síwá sẹ́yìn o, ẹ mú sùúrù. Ọmọṣẹ́ mi, ọmọ ọdún 16, rí bébà ẹ̀yìn ẹ̀, ó ní kí n yá òun. Mo ti ń nà án sí i kí n tó rántí Nneoma, obìnrin inú ìtàn yẹn, àti iṣẹ́ tó ń ṣe fọ́kùnrin lórí bẹ́ẹ̀dì. Orí àpótí aṣọ ni ìwé yẹn wà dòní.

Ọmọ yẹn kan náà ni mo ń wò nígbà tí mò ń ka A Spell of Good Things, Ayọ̀bámi Adébáyọ̀ náà ló kọ ọ́. Ẹniọlá inú ẹ̀, ìjọba ti lé bàbá ẹ̀ tó jẹ́ tíṣà kúrò lẹ́nu iṣẹ́, owó iléèwé ò sí, wọ́n ń na àwọn ọmọ tí kò tíì sanwó, òun náà sì ń jíṣẹ́ fún télọ̀ kan, Àǹtí Caro. Bàbá ọmọṣẹ́ mi jẹ mí lówó ìkọ́ṣẹ́ nígbà yẹn, ojú kọ́sítọ́mà ni mo sì ti máa ń bèèrè. "Sọ fún bàbá ẹ o!" Mo dé ibi ẹgba yẹn, mo pàwé dé. Ọmọ yẹn ń ṣa àjákù aṣọ nílẹ̀, ó ń yọ abẹ́rẹ́ kúrò nínú ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́, ọ̀gá wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mi ò kàn pariwo owó sí i mọ́. Ní ti ìwé fúnra ẹ̀, ó pẹ́ jù kí ìtàn Ẹniọlá àti ti dókítà Wúràọlá tó pàdé, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fo ibi àríyá, nígbà tí wọ́n sì pàdé, mi ò lè ránṣọ lọ́jọ́ náà.

Àǹtí yẹn padà wá nígbà tí Kérésì ku ọ̀sẹ̀ méjì, àǹkárá wà lọ́wọ́ wọn. Mo dọ̀bálẹ̀ kúnlẹ̀ pọ̀, mi ò mọ èyí tí mo ń ṣe. Wọ́n ní kí n dìde. Wọ́n wo ibi tí mo máa ń kó ìwé sí.

Wọ́n ní, "Ọmọ tó kẹ́yìn yẹn, Rótìmí. Ṣé ó kú?"

Mo ní, "Rárá Àǹtí. Kò kú. Ó dàgbà."

Wọ́n jókòó. Ó ṣe díẹ̀ kí wọ́n tó na àǹkárá sí mi, wọ́n ní bùbá àti ìró ni àwọn fẹ́, kí n má fún ọwọ́ ẹ̀ jù.