Ìbọn tó wà nítòsí nígbà tínú ń bíni

"Ìbọn kì í dá pààyàn, èèyàn ló ń pààyàn." Kò sígbà tí wọ́n ń jiyàn lórí òfin ìbọn tẹ́nì kan ò ní sọ ọ́. Lóòótọ́, ìbọn kì í dìde fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́wọ́ ẹni tínú ń bí ló sábà máa ń pinnu bóyá ọsibítù ni wọ́n á gbé ẹnì kejì lọ tàbí ibojì.

Ẹ wo ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kejìlá ọdún 2012. Ní abúlé Chenpeng, ní Ṣáínà, ọkùnrin kan yọ ọ̀bẹ sáwọn ọmọ iléèwé. Ọmọ 23 àti ìyá àgbà kan fara gbọgbẹ́, kò sẹ́ni tó kú nínú wọn. Lọ́jọ́ yẹn gan-an, ìbọn ni wọ́n gbé wọ iléèwé Sandy Hook l'Amẹ́ríkà: ọmọ 20 àti àgbà 6 ló kú níbẹ̀. Ọ̀bẹ náà ń pààyàn o. Ọmọ 8 ló pa níléèwé kan ní Osaka lọ́dún 2001. Àmọ́ ìwádìí tí Franklin Zimring, onímọ̀ nípa òfin, gbé jáde lọ́dún 1968 nípa ìlú Chicago fi hàn pé tí wọ́n bá fi ìbọn kọ lu èèyàn, ó ń yọrí sí ikú ní nǹkan bí ìlọ́po márùn-ún ti ọ̀bẹ.

Àwọn tó ń fọwọ́ ara wọn gba ẹ̀mí ara wọn ni àríyànjiyàn yìí kì í sábà kàn. L'Amẹ́ríkà lọ́dún 2021, èèyàn 48,830 ni ìbọn pa, 26,328 nínú wọn ló sì jẹ́ pé àwọn fúnra wọn ló yìnbọn pa ara wọn. Àsìkò tí èrò àtigba ẹ̀mí ara ẹni máa ń le jù kì í sábà pẹ́. Lọ́dún 2006, iléeṣẹ́ ológun Ísírẹ́lì ní káwọn ọmọ ogun dín gbígbé ìbọn relé lópin ọ̀sẹ̀ kù. Iye àwọn ọmọ ogun tó ń gba ẹ̀mí ara wọn fi nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù.

Ìdí nìyẹn tí bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ìbọn sílé fi ká mi lára. Kẹ́ ẹ tó tọ́jú ìbọn ìléwọ́ tó ń lo àpótí ọta, ẹ kó ọta inú rẹ̀ kúrò báyìí: ẹ kọjú ẹnu rẹ̀ síbi tí kò séèyàn, ẹ mú ìka kúrò níbi tí wọ́n ti ń fà á. Àpótí ọta ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ tó fa irin òkè rẹ̀ sẹ́yìn, kí ọta tó wà nínú ihò tí ọta máa ń wà kó tó yìn jáde. Ẹ wo ihò náà, ẹ fìka kàn án. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fa irin yẹn á rí i tí ọta kan já bọ́, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, láìmọ̀ pé bó ṣe ń padà ló tún ti kó òmíràn wọlé. Ẹni tó yọ àpótí nìkan náà ti ṣàṣìṣe: ọ̀kan ṣì wà nínú.

Ẹ ti ìbọn mọ́ inú àpótí irin, kẹ́ ẹ ti ọta mọ́ inú òmíràn, kí kọ́kọ́rọ́ wọn má sí níbì kan náà. Abẹ́ ìrọ̀rí kì í ṣe ibi ìpamọ́, àwọn ọmọ mọ ibẹ̀. Wáyà alágàdágodo tí wọ́n ń kì bọ inú ìbọn kò ní jẹ́ kó yìn, àmọ́ kò ní kí olè má gbé e lọ. Tí ìbànújẹ́ bá wọ ẹnì kan lára nínú ilé, tàbí tí tọkọtaya ń jà, kí ìbọn kúrò nílé yẹn pátápátá títí nǹkan á fi rọlẹ̀, níbi tófin bá ti fàyè gbà á.